Ìtọ́jú Dísíkẹ́ẹ̀tì àti Ẹ̀rọ tí Ń Kà Á

Nígbà tí ìwé tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ tàbí lórí ìwé atúmọ̀-èdè, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ irin, ike àti eruku ni mo gbé wá lónìí. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin onímọ̀ èdè yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò fi wá orúkọ Yorùbá fún dísíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nígbà tí a ń lò ó ni mo lò. Kò dára kí a máa sọ òkú lórúkọ tí kò jẹ́ nígbà tí ó wà láàyè.

Àpótí bàtà kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin ọdún 1987 sí 1991, mo máa ń lọ sí Ìṣẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, láti ṣàkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ahunṣọ àti àwọn aláró ń lò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe orúkọ òfì àti ọ̀kọ̀ ni mo ń wá, nítorí pé ìwọ̀nyí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rí kọ. Ohun tí mo ń wá ni ọ̀rọ̀ tí ahunṣọ ń sọ nígbà tí òwú bá já sí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí aláró fi ń sọ pé aró òun kò tíì tó rẹ aṣọ sí, àti orúkọ oríṣiríṣi àwọ̀ tí ó wà láàrin àwọ̀ ojú ọ̀run àti dúdú kirikiri. Inú ìwé ni mo ń kọ wọ́n sí lọ́sàn-án. Bí mo bá padà dé, n ó tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ẹ̀ka wa ní nígbà náà, n ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún ni ó wà nínú àpótí bàtà náà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ́fíìsì mi.

Ilé mi ní Ìbàdàn ni mo kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àti kásẹ́ẹ̀tì sí. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Omi ya wọ ilé, ó wó afárá, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń sunkún ìwé lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé kò ní ojú àánú. Nítorí náà, ó pẹ́ kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo ìwé mi ti di ẹ̀kọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ pé dísíkẹ́ẹ̀tì wà. N kò wò wọ́n. Mo fẹ̀yìntì, mo gbé àpótí náà lọ sílé, mo gbàgbé rẹ̀. Ọdún 2023 ni akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ lórí aṣọ òkè wá bá mi pé òun gbọ́ pé mo ní àkójọ ọ̀rọ̀ kan. Nínú ènìyàn mọ́kànlá tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn fún mi, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù láyé. A jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú àpótí bàtà yẹn kò sí níbòmíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo yá ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tí ó ṣì ní ihò tí a ń ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀, èyí tí a ń pè ní dráìfù. Mo mú dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo kọ “ARÓ” sí lára. Ìyá àgbà aláró kan ni ó fún mi ní gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ọdún 1988. Mo rí àmì funfun díẹ̀ lójú rẹ̀, mo rò pé eruku ni, mo fi ańkáṣíìfù nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo tì í bọ ihò. Àtòjọ orúkọ àwọn àkọsílẹ̀ náà jáde lójú kọ̀ǹpútà, inú mi dùn bí ẹni tí ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó ti sọnù. Mo ní kí ó ṣí àkọsílẹ̀ kìíní. Dráìfù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìgbà tí a ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí i kà, ó bi mí bóyá kí òun tún un gbìyànjú. Mo ní kí ó tún un gbìyànjú. Ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí ó bi mí, tí mo sì ń dá a lóhùn bákan náà. Nígbà tí mo fà á yọ, mo rí ipa róbótó lójú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ti ha kúrò lára ike.

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀. N kò dáwọ́ dúró. Mo ní dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni kò dára, mo mú òmíràn tí kò ní àmì kankan lójú, láti fi wádìí bóyá dráìfù ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí kò tilẹ̀ gbé àtòjọ orúkọ jáde rárá. Mo fà á yọ: ipa róbótó wà ní etí rẹ̀ lóde. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi pa á.

Kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lè yé wa, ó tọ́ kí a mọ ohun tí dísíkẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, róbótó bí àwo, tí a da ìyẹ̀fun irin bò ní ojú méjèèjì. Ẹbí ìpáàrà tí ń bo àdá tí a bá gbàgbé sínú òjò ni ìyẹ̀fun yìí, ṣùgbọ́n a lọ̀ ọ́ kúnná, a sì fi oje kan pò ó kí ó lè lẹ̀ mọ́ ike. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú hóró ìyẹ̀fun náà lè di òòfà kékeré. Nínú dráìfù, orí kan wà tí iná mànàmáná ń sọ di òòfà. Bí àwo bá ti ń yí lábẹ́ rẹ̀, yóò máa kọ ojú àwọn hóró náà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Bí a bá fẹ́ ka ohun tí a kọ, orí kan náà ni yóò máa gbọ́ ibi tí ìkọjúsí náà ti yí padà. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, àfi pé ipa ti dísíkẹ́ẹ̀tì kò gùn gbọọrọ; òrùka òrùka ni, ọ̀kan nínú èkejì. Irú èyí tí mo lò, tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 5¼, ní òrùka 40 ní ojú kọ̀ọ̀kan. A pín òrùka kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 9, báìtì 512 ni ó sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ojú méjèèjì, báìtì 368,640 ni, ìyẹn nǹkan bí ojú-ìwé 180 tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìgbà 300 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí ó ṣe kókó nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé orí dráìfù ń fi ara kan ojú dísíkẹ́ẹ̀tì. Nínú dísìkì líle tí ó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà, orí kò kan àwo. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e fò lókè rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí a má ṣe mi kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́, kí orí má baà já lulẹ̀ sórí àwo. Ti dísíkẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wà lójú rẹ̀, orí ni yóò fi gbá a. Ohun funfun tí mo pè ní eruku, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá pẹ́ nílẹ̀ ni. Oje tí a fi lẹ ìyẹ̀fun mọ́ ike ni ó ń jẹ. Nígbà tí orí dráìfù gbá a, ó lẹ̀ mọ́ orí náà, ó di bí iyanrìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwo. Gbogbo ìgbà tí mo ní kí ó tún un gbìyànjú, ńṣe ni orí ń padà lọ sí etí àwo kí ó tó tún wá, tí ó sì ń wọ́ ìdọ̀tí náà kiri. Ìdọ̀tí yìí kan náà ni ó wà ní orí dráìfù nígbà tí mo ti dísíkẹ́ẹ̀tì kejì bọ̀ ọ́.

Àwọn tí ó ṣe dísíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ eruku. Ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, ni David Noble àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ti ṣe é. Ọdún 1971 ni ó sì jáde. Ó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, nǹkan bí báìtì 80,000 péré ni ó sì ń gbà. Kì í ṣe ìwé ni wọ́n fẹ́ máa kọ sí i. Àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ńlá fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa fi rán láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìhòòhò ni àwo náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Eruku dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti dá ẹ̀wù ike fún un, wọ́n sì fi aṣọ kan tẹ́ inú ẹ̀wù náà kí ó lè máa nu àwo bí ó ti ń yí. Nítorí náà, aṣọ tí ẹ ń rí nínú ẹ̀wù dísíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Shugart Associates mú oní-ínǹṣì 5¼ jáde. Lẹ́yìn èyí ni Sony ṣe oní-ínǹṣì 3½, tí ó ní ẹ̀wù líle àti ìlẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ tí ń bo ojú rẹ̀. Ọdún 1987 ni irú rẹ̀ tí ń gba báìtì 1,474,560 wọ ọjà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà IBM.

Àwọn òfin ìtọ́jú dísíkẹ́ẹ̀tì kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Wọ́n yà wọ́n sí ẹ̀yìn àpò rẹ̀: àwòrán ìka tí a fi ọ̀pá ìdínà kọjá lójú rẹ̀, àwòrán òòfà, àwòrán àwo tí a ká. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ní ọ́fíìsì. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àwàdà nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ó ṣe pàtàkì bákan náà ní ilẹ̀ tiwa, èyí ni mo sì fẹ́ tọ́ka sí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ òòfà. Gbogbo wa ni a bẹ̀rù rẹ̀. Mo rántí olùkọ́ kan tí kì í gbé dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọjá lẹ́bàá rédíò. Òtítọ́ ni pé òòfà lè pa ohun tí a kọ rẹ́, pàápàá òòfà tí ó wà nínú gbohùngbohùn àti nínú tẹlifóònù àtijọ́ tí ń lu agogo; ṣùgbọ́n agbára òòfà máa ń dín kù kíákíá bí a bá ti jìnnà sí i. Bí a kò bá gbé dísíkẹ́ẹ̀tì lé òòfà lórí gan-an, ó ṣòro kí ó ṣe é ní nǹkan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń sá fún, kì í pa á lára. Nínú gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì mi mẹ́rìnlélógún, kò sí ọ̀kan tí òòfà bàjẹ́.

Ohun tí ó ń pa dísíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rinrin àti eruku, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gba ọwọ́ ara wọn. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ilé wa a máa tutù títí bàtà inú àpótí yóò fi hu. Dísíkẹ́ẹ̀tì kò sàn ju bàtà lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, yóò sì gba ojú tí ó ṣí sílẹ̀ lára ẹ̀wù dísíkẹ́ẹ̀tì oní-ínǹṣì 5¼ bọ́ sínú rẹ̀. Àpò bébà tí ó bá a wá ni ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fà á yọ tí kò dá a padà sínú àpò, ó ti ṣí ilé sílẹ̀ fún olè. Ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpò, láti 10 dé 50 ní ìwọ̀n Celsius, kò nira fún wa nínú ilé, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tí a pa ojú rẹ̀ dé sínú oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ilé. Bí a bá sì gbé dísíkẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá amúlétutù bọ́ sí ìta, omi lè sẹ̀ sí i lára bí ó ti ń sẹ̀ sí ara ìgò ọtí tútù. Kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí a tó tì í bọ dráìfù.

Ohun tí ó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Òòró ni kí a tò wọ́n bí ìwé orí pẹpẹ, kí a má tò wọ́n jọ bí àwo ọbẹ̀. Kí a kọ orúkọ sí bébà kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dísíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹnu bírò lè tẹ ike inú rẹ̀ kó. Kí a má fi irin ìdìwé há a. Kí a má fi ìka kan ojú rẹ̀ tí ó ṣí, nítorí pé òróró ara wa ni ìdọ̀tí kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí n dúró lé díẹ̀, èyí ni ọ̀rọ̀ ìdènà-ìkọ. Kí a tó ti dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ èyíkéyìí bọ dráìfù, ó yẹ kí a dí i kí kọ̀ǹpútà má baà lè kọ ohunkóhun sí i. Lára oní-ínǹṣì 5¼, a gé etí ẹ̀wù rẹ̀ ní ihò kan. Bí a bá lẹ ihò náà pa, kò ṣeé kọ sí mọ́. Lára oní-ínǹṣì 3½, ihò tí ó bá ṣí sílẹ̀ ni kò ṣeé kọ sí. Oní-ínǹṣì 8 tún yí ti àárín padà: bí a bá lẹ ihò rẹ̀ pa ni ó tó ṣeé kọ sí. N kò mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òye ọ̀kan lo òmíràn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ohun tí ó rò pé òun ti tì.

Ó kan dráìfù báyìí. Ìtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà ni ọ̀rọ̀ iná. Kò yẹ kí dísíkẹ́ẹ̀tì wà nínú dráìfù nígbà tí a bá ń tan kọ̀ǹpútà tàbí tí a bá ń pa á, nítorí pé agbára iná tí ó fò lójijì lè gba orí dráìfù kọjá kí ó sì kọ ìsọkúsọ sórí àwo. Ní ìlú tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ta ni ó lè pa òfin yìí mọ́? Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ mi, n ó fi pamọ́, n ó sì fa dísíkẹ́ẹ̀tì yọ lẹ́yìn ojú-ìwé méjì méjì. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, n kò pàdánù ju ojú-ìwé méjì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èkejì ni ìmọ́tótó orí. Wọ́n máa ń ta dísíkẹ́ẹ̀tì ìnu-orí kan tí aṣọ wà nínú rẹ̀ dípò àwo. A ó ta ọtí ìfọ-ẹ̀rọ sí i, a ó sì jẹ́ kí ó yí fún ìgbà díẹ̀. Ó dára bí a kò bá lò ó lálòjù. Bí ó bá gbẹ, ó lè ha orí gan-an. Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kí a ṣí ìdérí dráìfù, kí a fi òwú tí a wé mọ́ igi tín-ín-rín bọ inú ọtí isopropyl tí omi kò sí nínú rẹ̀, kí a sì fi í nu orí jẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Ẹ kíyè sí orí ti òkè: irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gbé e dúró, bí a bá gbé e sókè jù, kò ní padà sí ààyè rẹ̀ mọ́.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Orí dráìfù lè yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó fura. Dráìfù tí ó bá yẹ̀ yóò máa kọ, yóò sì máa ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, láìsí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún dráìfù mìíràn, kò ní rí nǹkan kà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni a kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ó dà bí ẹ̀ka-èdè tí ìdílé kan ṣoṣo ń sọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kó dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ pamọ́, kí ó má ṣe sọ dráìfù tí ó fi kọ wọ́n nù. Mo ti sọ tèmi nù ní ọdún 1996, nígbà tí ẹ̀ka wa ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ pé àyè ọ́fíìsì wa fẹ̀ sí i.

Ẹ ó bi mí pé ta ni ó tún ń lo irú nǹkan yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2011 ni Sony dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní ilẹ̀ Japan, ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni ìjọba Japan tó pa àwọn òfin rẹ́ tí ó ní kí àwọn ènìyàn máa fi dísíkẹ́ẹ̀tì kó ìwé fún ilé-iṣẹ́ ìjọba. Òfin náà lé ní ẹgbẹ̀rún. Ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 2019 ni oní-ínǹṣì 8 fi wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn ológun tí ń ṣọ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ẹni tí ó bá rò pé àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, àtijọ́ náà kò tíì jìnnà.

Mo padà sí àpótí bàtà. Lẹ́yìn tí mo ba méjì jẹ́, mo gbé èyí tí ó kù lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà. Kò bá mi wí. Ó gbé ìbọ̀wọ́ àti ìbomú lé mi lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí ń hù lójú dísíkẹ́ẹ̀tì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ní kí n jókòó. A fi sísọ́ọ̀sì gé etí ẹ̀wù dísíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, a fa àwo inú rẹ̀ yọ. A kọ́kọ́ fi ọtí náà kan ẹ̀gbẹ́ ihò àárín, níbi tí a kì í kọ nǹkan sí, láti wò bóyá kò ní tú ìyẹ̀fun irin kúrò. Nígbà tí kò tú u, a fi aṣọ rírọ̀ nu ojú méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́, a jẹ́ kí ó gbẹ, a sì kì í bọ ẹ̀wù mímọ́ tí a bọ́ lára dísíkẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò. A ń nu orí dráìfù lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi ṣe é.

Ẹ̀rọ tí ó fi kà wọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Greaseweazle ni wọ́n ń pè é. Ó wà láàrin dráìfù àtijọ́ àti kọ̀ǹpútà òde òní. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ yé mi kíá, nítorí pé iṣẹ́ tiwa gan-an ni. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ dà bí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í kọ ohun tí kò bá yé e: bí ìró kan bá ṣókùnkùn, yóò ní òun kò gbọ́, yóò sì jókòó. Ẹ̀rọ yìí kò béèrè ìtumọ̀. Ó ń wọn àkókò tí ó wà láàrin ìyípadà òòfà kan àti èkejì, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ, ní ìyípo mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ onífònẹ́tíìkì ṣe ń da ìró kọ kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wá jókòó túmọ̀ rẹ̀, láìtún fi orí kan àwo mọ́. Nínú méjìlélógún tí a fọ̀, mẹ́tàdínlógún jáde pátá, mẹ́ta ní ibi díẹ̀ tí ó jẹrà, méjì kò sọ ohunkóhun.

Dísíkẹ́ẹ̀tì kejì tí mo ha etí rẹ̀ ńkọ́? Etí lóde ni àtòjọ orúkọ ń gbé, ohun tí ó sì parun kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde bí ìwé tí kò ní ojú-ewé àkọ́kọ́, tí a kò sì kọ nọ́ńbà sí ojú-ìwé rẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi tò ó.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, n kò rí Yorùbá. Ní àkókò tí a ń sọ yìí, kọ̀ǹpútà kò ní ẹ, ọ àti ṣ, kò ní àmì ohùn. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe tirẹ̀, tí ó ń yọ lẹ́tà Faransé tàbí àmì ìṣirò kúrò ní ààyè rẹ̀ tí ó sì ń fi lẹ́tà Yorùbá dípò. Ọdún 1991 ni ìwé Unicode àkọ́kọ́ jáde, ó sì pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ètò tí ẹ̀ka wa fi ń ya lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà ti bá dráìfù wa lọ. Ohun tí mo rí ni àmì owó ilẹ̀ Japan níbi tí ó yẹ kí ẹ wà. Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dájú ni mo fi tú u: mo mọ̀ pé “ọ̀kọ̀”, “àlàárì” àti “ẹtù” gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, mo wá wọn rí, mo sì fi wọ́n tẹ àtẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Irú ìṣòro yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Andy Warhol, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà Amiga ya àwòrán ní ọdún 1985. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Pittsburgh. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Carnegie Mellon kà wọ́n jáde, tí a sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2014, ìlànà tí a fi kọ àwọn àwòrán náà kò sí ẹni tí ó ń lò ó mọ́, àwọn náà ní láti jókòó tú u.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo rí gbà padà ti wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin náà báyìí, ẹ̀dà wọn sì wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú wọn lórí bébà. “ARÓ” kò sí lára wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbìyànjú rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kò sí ohun tí ẹ̀rọ kankan lè gbọ́. Orúkọ àkọsílẹ̀ méje tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, mo kọ wọ́n sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ELU, tí ó jẹ́ ewé tí a fi ń ṣe aró. Mẹ́rin jẹ́ orúkọ àwọ̀. Mo gbé àwọn orúkọ mẹ́rin yìí lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn mọ́kànlá. Ahunṣọ ni bàbá náà, kì í ṣe aláró. Ó mọ méjì. Ó ní kí n bi àwọn aláró léèrè nípa méjì tó kù, mo sì ń béèrè títí di òní.

Mo gbé dráìfù tí a lò náà wá, òun ni ó wà lórí tábìlì yìí, pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì “ARÓ” nínú nylon. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ipa tí mo ń sọ lè gbé e sókè sí iná. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá sì ní irú àpótí bàtà bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó gbé e wá fún wa bí ó ti wà, kí ó má ṣe nù ún, kí ó má sì ti ọ̀kankan bọ dráìfù láti dán an wò.